Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀: Ìtàn ‘Native’ láti Ìpàdé Odò Méjì dé Kíláàsì Wa ní Otokiti

Ìfáàrà

Ní àsìkò ìdánrawò ìkọ́ni kan, a jókòó sẹ́yìn kíláàsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Otokiti, níhìn-ín ní Lọ́kọ́ja, láti wo bí akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ náà ‘native’ wà nínú àyọkà tí wọ́n ń kà, olùkọ́ sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọ kan ní aṣọ tí bàbá òun máa ń wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ ni. Òmíràn ní adìyẹ tí kì í ṣe ti àgíríìkì ni. Ẹ̀kẹta ní oògùn ni. Ẹ̀kẹrin ní ẹni tí ojú rẹ̀ kò là ni. Olùkọ́ ní gbogbo wọn kò gbà á, ó sì kọ ọ́ sójú pátákó pé ‘native’ ni ẹni tí a bí sí ibì kan. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè: “Àǹtí, Otokiti ni wọ́n bí mi sí. Ṣé èmi náà native ni?” Olùkọ́ bojú wẹ̀yìn, ó wò wá. Àwa náà kò rí èsì fún ọmọ náà lójú ẹsẹ̀.

Bébà yìí ni a fi ń wá èsì tí a kò rí lọ́jọ́ náà. Èrò wa ni pé kò sí ọ̀kan nínú ìdáhùn àwọn ọmọ náà tí kò ní ìtàn lẹ́yìn, àti pé ní Lọ́kọ́ja yìí gan-an ni púpọ̀ nínú ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní láti mọ ìtàn náà, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí orí pátákó. Ó ti pín ilẹ̀, ó ti pín ilé-ẹjọ́, ó sì ń pín àyè ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di òní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá

Èdè Látìn ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá ‘native’. ‘Nativus’ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, inú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí ‘kí a bí ènìyàn’ ni ó sì ti jáde. Ìyá kan náà ni ó bí ‘nation’ àti ‘nature’. Ṣùgbọ́n ní ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, nígbà tí Látìn ni wọ́n fi ń kọ ìwé ẹjọ́, ‘nativus’ ni orúkọ ẹni tí a bí sínú ìsìnrú lórí ilẹ̀ olówó rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ojú méjì ti wà lára ọ̀rọ̀ náà. Ojú kan ń wo ìbí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́. Èkejì ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ìdè.

Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tí ó gba gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe. ‘Abínibí’ ni ohun tí a bí mọ́ ènìyàn, bí ọgbọ́n tàbí èdè. ‘Ìbílẹ̀’ ni ohun tí ilẹ̀ kan bí, bí àṣà, ẹ̀sìn, oògùn àti aṣọ. ‘Ọmọ bíbí’ ìlú ni ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. ‘Onílẹ̀’ ni ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ ti baba rẹ̀. Ènìyàn lè jẹ́ ọmọ bíbí ìlú láìjẹ́ onílẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ onílẹ̀ ní ìlú tí kò gbé rí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ‘native’ kó sínú àpò kan. Kí ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Lọ́kọ́ja àti ìjọ Ọlọ́run

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ ojú omi gòkè Odò Ọya. Wọ́n gba ilẹ̀ nítòsí ibi tí odò náà ti pàdé Bẹ́núè, wọ́n sì dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀ níbẹ̀. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, oko sì túká. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822, wà nínú ìrìn àjò náà. Ó tún bá ọkọ̀ Pleiad lọ ní 1854, àti Dayspring ní 1857. Lẹ́yìn èyí ni William Balfour Baikie tẹ ibùdó Lọ́kọ́ja dó. Àwọn ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ wà lára àwọn tí ó gbé e ró. Ìdí nìyí tí ọwọ̀n irin òmìnira fi wà nílùú títí di òní, ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity tí ìtàn so mọ́ orúkọ Crowther àti ọdún 1865.

Nínú ìwé àwọn míṣọ́nnárì ìgbà náà, ‘native’ kì í ṣe èébú dandan. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ kí ìjọ ilẹ̀ Áfíríkà máa bọ́ ara rẹ̀, kí ó máa ṣàkóso ara rẹ̀, kí ó sì máa tan ara rẹ̀ kálẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ni ‘Native Pastorate’, Sàró sì ni ó ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní 1861. Nígbà tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Okúdù, 1864, iṣẹ́ Odò Ọya di ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Crowther kì í ṣe ọmọ Lọ́kọ́ja. Àlejò ni ó jẹ́ láàárín àwọn Oworo, Núpé, Igala àti Bassa. Síbẹ̀, ‘native’ ni òyìnbó pè é. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó so ènìyàn mọ́ ilẹ̀ ìbí rẹ̀ ti di orúkọ àwọ̀ ara.

Ojú kejì ọ̀rọ̀ náà yọ ní 1890. Ọ̀dọ́ òyìnbó méjì, Graham Wilmot Brooke àti John Alfred Robinson, fi Lọ́kọ́ja ṣe ibùdó fún iṣẹ́ ìwàásù tí wọ́n fẹ́ gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí òkè ọya. Wọ́n bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, wọ́n gbé agbádá Haúsá wọ̀, wọ́n sì ń gbé bí ará ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ni wọ́n fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ Crowther pé wọn kò yẹ ní ipò. Ní oṣù Ògún ọdún náà, ní Onitsha, ìpàdé ìgbìmọ̀ ìnáwó dójú ti bíṣọ́ọ̀bù àgbà náà títí ó fi kúrò nínú ìgbìmọ̀. Robinson kú ní Lọ́kọ́ja ní 1891, Brooke kú níbẹ̀ ní 1892. Crowther fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. Aṣọ ‘native’ dára lójú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí. Àlùfáà ‘native’ ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Èkó fèsì. Ní 1888, àwọn Onítẹ̀bọmi kan yapa, wọ́n sì pe ara wọn ní Native Baptist Church. Ní 1891, United Native African Church dìde. Àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà wọ́ nílẹ̀ ni wọ́n gbé e kọ sí ojú pátákó ìjọ wọn. Ọ̀kan nínú wọn, David Brown Vincent, pa orúkọ dà ní 1894, ó di Mojola Agbebi, aṣọ ilẹ̀ wa ni ó sì ń wọ̀. Brooke lè bọ́ agbádá nígbàkígbà tí ó bá wù ú kí ó sì tún di òyìnbó. Ti Agbebi jẹ́ ìpinnu láti jẹ́ ẹni tí ó jẹ́.

Lọ́kọ́ja àti ìjọba

Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1900, ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀, wọ́n sì ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Frederick Lugard di olórí ìjọba Àríwá Nàìjíríà. Láti ọjọ́ náà ni ‘native’ ti kúrò lẹ́nu míṣọ́nnárì bọ́ sínú ìwé òfin. Òfin ‘Native Courts’ jáde ní 1900 kan náà. Ti owó orí, ‘Native Revenue’, tẹ̀ lé e ní 1906. Ti àwọn aláṣẹ, ‘Native Authority’, ní 1907. Nínú ètò ìlú, àgọ́ òyìnbó wà lọ́tọ̀, ilé àwọn ‘native’ wà lọ́tọ̀, Lugard sì fẹ́ kí ilẹ̀ òfìfo wà láàárín méjèèjì.

Òfin náà kò pẹ́ kó sínú wàhálà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá. Bí ‘native’ bá túmọ̀ sí aláwọ̀ dúdú, kí ni a óò pe ọmọ Sàró tàbí ará Gold Coast tí ó ń ṣe akọ̀wé ní Lọ́kọ́ja? Kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe ọmọ ibí. Èsì tí òfin rí ni ‘native foreigner’: ẹni tí òbí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan ní Áfíríkà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Bí ènìyàn bá tú u sí Yorùbá, ‘onílé àlejò’ ni yóò jáde, ẹ̀rín ni yóò sì pa ẹni tí ó gbọ́. Ṣùgbọ́n lórí irú ìpè bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ kóòtù tí ènìyàn yóò lọ, ibi tí yóò kọ́lé sí, àti òfin tí yóò tẹ̀ lé.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà ṣiṣẹ́ ibi ní ilé-ẹjọ́. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, Olóyè Olúwa Èkó, Amodu Tijani, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù; Herbert Macaulay bá a lọ. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre. Adájọ́ Haldane kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òṣùwọ̀n òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọn ẹ̀tọ́ tí àwọn ‘native’ ní lórí ilẹ̀ wọn, nítorí ti àwùjọ ni ilẹ̀ náà. Àwọn adájọ́ Kánádà padà tọ́ka sí ẹjọ́ Èkó yìí nínú ọ̀ràn Calder ní 1973, ti Ọsirélíà náà sì tọ́ka sí i nínú ọ̀ràn Mabo ní 1992, èyí tí ó mú kí ‘native title’ di ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Olóyè Yorùbá kan ni ó jà fún ilẹ̀ baba rẹ̀. Àwọn tí wọ́n wà ní òdìkejì ayé jẹ nínú èso rẹ̀.

Nígbà tí òmìnira ń bọ̀, ọ̀rọ̀ náà di ohun ìtìjú. Ìwọ̀-Oòrùn fi ‘Local Government’ rọ́pò ‘Native Authority’ ní 1952, wọ́n sì sọ ‘Native Court’ di ‘Customary Court’ ní 1957. Ní Àríwá, ‘Native Court’ di ‘Area Court’ ní 1967 sí 1968. Àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ti 1976 wá sọ orúkọ náà di ọ̀kan náà jákèjádò Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n kí ni Yorùbá ń pe ‘Local Government’? ‘Ìjọba ìbílẹ̀’ ni. ‘Customary Court’ ńkọ́? ‘Kóòtù ìbílẹ̀’ ni. Gẹ̀ẹ́sì pààrọ̀ orúkọ, Yorùbá kò rí ìdí tí yóò fi pààrọ̀, nítorí kò sí ohun ìtìjú lára ‘ìbílẹ̀’. Orúkọ tí wọ́n sọ lẹ́gbin ní Gẹ̀ẹ́sì wà ní mímọ́ lẹ́nu wa.

Láti ‘native’ dé ‘indigene’

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú ilé wa jù lọ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Òfin ‘Land and Native Rights’ ti Àríwá, ní 1910 àti 1916, fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso ìjọba nítorí àǹfààní àwọn ‘native’. Òfin ilẹ̀ Àríwá ti 1962 tún un ṣe, ó sì sọ ẹni tí ‘native’ jẹ́: ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà tí ó ṣẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà. Kí ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní agbègbè wa. Yorùbá ni ọmọ Kàbbà, Yorùbá ni ọmọ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Àríwá ni wọ́n pín Kàbbà sí. Nítorí náà, ọmọ Kàbbà jẹ́ ‘native’ ní Kano tí kò dé rí, ọmọ Ìbàdàn tí wọ́n bí sí Lọ́kọ́ja sì jẹ́ àlejò. ‘Ìbí’ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí ìbí bí. Baba ni wọ́n ń wò, ààlà tí òyìnbó fà ni wọ́n sì fi ń mọ baba. Òfin 1962 yìí ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978.

Nígbà tí ‘native’ kò ṣeé lò mọ́, ‘indigene’ gba ipò rẹ̀. Ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1979, ó sì wà nínú ti 1999, ní abala 147, níbi tí a ti ní kí Ààrẹ yan mínísítà kan ó kéré tán láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ ‘indigene’ ibẹ̀. Abala 318 ṣàlàyé ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan jẹ́ ara àwùjọ tí ó ṣẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà. Ìyá wọlé wàyí, òbí àgbà náà sì wọlé, ìtẹ̀síwájú ni. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí kò sí níbẹ̀ síbẹ̀. Ìwé òfin kan náà ní abala 15 ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ẹ̀tọ́ ibùgbé níbikíbi, abala 42 sì lòdì sí kí a fi ibi tí ènìyàn ti wá yàn án jẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ń kọ́lé, tòsì ń wó o.

Kogi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Ògún, 1991, fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Ara Kwara àti Benue ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹni tí ó jẹ́ ‘indigene’ Kwara lálẹ́ jí ní òwúrọ̀, ó sì di ‘indigene’ Kogi, láìkúrò lórí ẹní rẹ̀.

Lójú pópó àti ní àgbáyé

Nígbà tí òfin ń sá fún ‘native’, ọjà gbà á tọ́jọ́. Télọ̀ ní Lọ́kọ́ja yóò béèrè bóyá súùtù ni ẹ fẹ́ rán tàbí ‘native’, agbádá àti bùbá ni ó ń sọ. ‘Native doctor’ ni oníṣègùn. Adìyẹ ‘native’ wọ́n ju ti àgíríìkì lọ, nítorí ẹran rẹ̀ le, ó sì dùn. Nídìí aṣọ àti oúnjẹ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rẹ̀ wá sílẹ̀ ti di orúkọ ohun tí ó dára. Nídìí oògùn, ó dá lórí ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Nídìí ènìyàn, èébú ni síbẹ̀: kò sí ẹni tí a ó pè ní ‘native’ lásán tí yóò rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lókèèrè. Ní Gúúsù Áfíríkà, ‘Natives Land Act’ ti 1913 gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní orúkọ kan náà tí Haldane fi dá Olúwa láre. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1840 sí 1859, àwọn òyìnbó tí wọ́n bí síbẹ̀ pe ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní ‘Native American’ láti fi dènà àwọn àlejò láti Yúróòpù. Lónìí, àwọn tí wọ́n ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé ni ó ń jẹ́ orúkọ náà. Ní ẹnu iṣẹ́ wa, ‘native speaker’ ni wọ́n fi ń wọn Gẹ̀ẹ́sì wa, bí ẹni pé èdè abínibí tiwa kì í ṣe èdè. Ní 2001, Marc Prensky pe àwọn ọmọ tí wọ́n bá kọ̀ǹpútà láyé ní ‘digital native’. Ilẹ̀ tí kò sí lórí ilẹ̀ náà ti ní ọmọ ìbílẹ̀.

Ohun tí ó kan àwa olùkọ́

A ní àbá mẹ́ta. Èkíní, kí a má ṣe kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa láti máa fagi lé ìtumọ̀ tí ọmọ bá mú wá láti ilé. Aṣọ, adìyẹ àti oògùn jẹ́ ìtumọ̀ tòótọ́. Ọmọ tí ó ní ‘ẹni tí ojú rẹ̀ kò là’ náà kò purọ́. Ó gbọ́ ọ níbì kan, iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti sọ bí ìtumọ̀ náà ṣe dé ẹnu ènìyàn. Kí olùkọ́ kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ kíláàsì ẹni tí ń sọ ọ́, ìgbà tí ó ń sọ ọ́, àti ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe.

Èkejì, kí a lo èdè abínibí láti tú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì palẹ̀. Bí Yorùbá ṣe pín ‘native’ sí mẹ́rin yìí, Ebira, Igala, Núpé àti Haúsá náà yóò ní bí wọ́n ṣe pín tiwọn. Ní kíláàsì Lọ́kọ́ja tí gbogbo èdè wọ̀nyí wà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀ wá. Ìwé àpérò tí ó gba èdè púpọ̀ bí èyí fi hàn pé ó ṣeé ṣe.

Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀kọ́ ìtàn àti ẹ̀kọ́ nípa ìlú jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ‘indigene’. Akẹ́kọ̀ọ́ wa ni yóò di olùkọ́ tí yóò máa fi fọ́ọ̀mù lé ọmọ lọ́wọ́, tí yóò máa béèrè ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ kí ọmọ tó gba ẹ̀bùn owó ilé-ìwé. Ó yẹ kí ó mọ̀ pé ìlà tí ó ń ní kí ọmọ kọ orúkọ baba sí ní ọjọ́ orí, pé ènìyàn ni ó fà á, àti pé ènìyàn lè tún un fà.

Ìkádìí

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ wá ní ‘native’ kì í ṣe ilé wa, ìdí nìyí tí orúkọ náà kò fi bá wa mu dáadáa rí. Èsì tí a ní fún ọmọbìnrin náà nìyí. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé atúmọ̀ èdè, bẹ́ẹ̀ ni, native Otokiti ni. Bí ó bá jẹ́ ti òfin 1962, baba rẹ̀ ni a óò kọ́kọ́ béèrè. Bí ó bá jẹ́ ti 1999, a óò béèrè òbí rẹ̀ àti òbí àgbà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti Yorùbá, ọmọ bíbí Otokiti ni, kò sí ẹni tí ó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní àkùrọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. A padà sí kíláàsì náà ní ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ sì sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó sì béèrè èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni òun yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti olùkọ́ nìkan láti dáhùn. Ti gbogbo wa ni.